Bí A Ṣe Ń Pa Ọjọ́ Ẹtì Àkọ́kọ́ Mẹ́sàn-án Mọ́ fún Ọlá Ọkàn Mímọ́ Jésù

Nínú ìfọkànsìn àwọn Kátólíìkì yìí, ènìyàn ń gba Ara Kristi, ìyẹn búrẹ́dì mímọ́ ti Mísà, ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù mẹ́sàn-án tó tẹ̀ léra. Iye ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dì mú nínú rẹ̀: Ẹtì mẹ́sàn-án, oṣù mẹ́sàn-án. Ọpẹ́ ni wọ́n ń gbàgbé. Láàárín 1673 sí 1675, ní Paray-le-Monial ní ilẹ̀ Faransé, Jésù fi Ọkàn rẹ̀ han Margaret Mary Alacoque tó jẹ́ sísítà níbẹ̀, ó sì ráhùn pé àìmoore ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń san ìfẹ́ òun. Ìran àdáni ni, kì í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é dáadáa.

Kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ mú. Ẹ fàlà sí Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́sàn-án tó tẹ̀ léra. Kì í kọjá ọjọ́ keje oṣù. Bí ọjọ́ kìíní oṣù bá bọ́ sí Ẹtì, òun náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń ṣì í, tí wọ́n á máa dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tún wo Ẹtì Rere. Ní 2026, April 3 ló bọ́ sí, ìyẹn Ẹtì àkọ́kọ́ gan-an. Kò sí Mísà lọ́jọ́ yẹn, inú ìsìn Ìjìyà Olúwa ni wọ́n ti ń pín Ara Kristi, nítorí náà ẹ má lọ jókòó de Mísà àárọ̀. Ẹni tó bá pa oṣù kan jẹ, orí oókan ló ti máa tún bẹ̀rẹ̀. Mísà Sátidé tàbí ti Sọ́ńdè kò lè dí àlàfo rẹ̀.

Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín ṣáájú. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ tilẹ̀ lè lọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, nítorí Fadá tó fẹ́ bọ́ sórí pẹpẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kò ní ráyè gbọ́ yín. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ikú, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó mọ̀ọ́mọ̀ dá, kò gbọdọ̀ gba Ara Kristi láìjẹ́wọ́ nítorí kí Ẹtì rẹ̀ má baà já.

Láti wákàtí kan kí ẹ tó gba Ara Kristi, ẹ má jẹ, ẹ má mu, àfi omi àti oògùn. Bí ẹ bá wọlé, ẹ fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀ níwájú àpótí tí Ara Kristi wà nínú rẹ̀. Kí ó kanlẹ̀ lóòótọ́ o, ìtẹ̀ba díẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á tán ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ń sáré jáde. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀bẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fẹ́ sá wá sí ẹnu. Ẹ dá a dúró ná. Ẹ dárúkọ oore mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ láti Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù tó kọjá, ní orúkọ àti ní ọjọ́, kì í ṣe “fún ohun gbogbo”. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àforíjì fún ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ́ aláìmoore, àti fún àwọn tí kò rántí Jésù rárá.

Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu yín, ẹ mú Lítánì Ọkàn Mímọ́. Póòpù Leo Kẹtàlá fọwọ́ sí i fún gbogbo Ìjọ ní 1899. Orúkọ 33 ni wọ́n fi ki Ọkàn náà nínú rẹ̀, bí iye ọdún tí a gbà pé Jésù lò láyé. Ẹ kà á bí ẹni ń ki oríkì, kí ẹ mí láàárín orúkọ kan sí èkejì. Bí ọ̀kan bá mú yín lọ́kàn, ẹ dúró síbẹ̀, kódà bí ẹ kò bá ka ìyókù.

Ẹni tí àìsàn dá dúró sílé lè ránṣẹ́ sí Fadá kó gbé Ara Kristi wá. Ẹtì náà kò já. Ààwẹ̀ wákàtí kan kò de aláìsàn, kò de arúgbó, kò sì de ẹni tó ń tọ́jú wọn.