Bí A Ṣe Ń Kọ́ Eku Kó Lè Sọ Pé Oògùn Oorun Wà Lára Òun

Eku kò lè sọ fún yín pé oorun ń kùn òun tàbí pé òòyì ń kọ́ òun. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun kan jọ oògùn oorun tí a ti mọ̀, àfi ká fún un ní ohun tí yóò fi dáhùn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní láàbù kan ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo sì ń kọ èyí fún. Ó ti pẹ́ tí ọ̀nà yìí ti wà: ní 1964, Donald Overton kọ́ àwọn eku láti yà sápá kan nígbà tí pentobarbital, oògùn oorun kan, bá wà lára wọn, kí wọ́n sì yà sápá kejì nígbà tí kò bá sí.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹranko ná. Ẹ máa gbé àwọn eku náà lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kí ara wọn balẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù títí ìwúwo wọn yóò fi tó bí ìdá 85 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Ebi díẹ̀ la fẹ́, a ò fẹ́ ìyà.

Ọ̀pá títẹ̀ méjì ló wà nínú àpótí, pẹ̀lú àwo kékeré tí hóró oúnjẹ ń jábọ́ sí láàárín wọn. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 45. Kí eku kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó jẹun, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìgbà 10.

Ó wá kan oògùn. Chlordiazepoxide ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń mú ara balẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀ sí Librium. Mílígíráàmù 5 fún kílò kan, abẹ́rẹ́ sínú ikùn, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Lọ́jọ́ oògùn, ọ̀pá ọ̀tún nìkan ló ń mú oúnjẹ wá. Lọ́jọ́ omi iyọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ lásán tí kò ní oògùn, ti òsì nìkan. Ẹ yí i padà fún ìdajì àwọn eku yín. Ẹ má fi oògùn kún un jù, torí eku tó ti sùn lọ kò ní tẹ ohunkóhun.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé: ohun gbogbo tó bá lè ta eku lólobó, yàtọ̀ sí oògùn, ni yóò lò. Tí ẹ bá ń fi oògùn àti omi iyọ̀ ṣe ọ̀kan lónìí, ìkejì lọ́la, ọjọ́ ló máa kà. Ẹ da ètò rẹ̀ rú, àmọ́ kí irú kan náà má ju ọjọ́ méjì léra. Kí omi tó wà nínú abẹ́rẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ẹ nu ọ̀pá méjèèjì dáadáa kí eku mìíràn tó wọlé: Extance àti Goudie ti fi hàn pé eku lè gbọ́ òórùn èyí tó ṣáájú rẹ̀ lára ọ̀pá, kó sì tẹ̀ lé e. Oúnjẹ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí hóró àkọ́kọ́ bá ti jábọ́, eku ti mọ ibi tó kàn, nítorí náà títẹ̀ tó ṣáájú hóró yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ kà.

Eku tó bá mú ọ̀pá tó tọ́ ní ìdá 80 nínú 100 ó kéré tán, fún ọjọ́ 8 nínú 10 tó tẹ̀ léra, ti mọ̀ ọ́n. Ó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kí ọ̀pá méjèèjì máa mú oúnjẹ wá. Ẹ fún un ní diazepam, tó jẹ́ ìbátan chlordiazepoxide, ọ̀pá oògùn ló máa lọ bá. Ẹ fún un ní morphine, oògùn ìrora tó ń mú oorun wá lóòótọ́, ọ̀pá omi iyọ̀ ló máa tẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí èyí. Tí ẹ bá fi flumazenil, tó ń dènà iṣẹ́ irú oògùn yìí, ṣáájú chlordiazepoxide, á padà sí ọ̀pá omi iyọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí ẹ fi kọ́ ẹranko. Ní Johns Hopkins, Ator àti Griffiths rí i pé àwọn ọ̀bọ baboon tí wọ́n fi pentobarbital kọ́ gba lorazepam, ìbátan diazepam, bí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi lorazepam kọ́ kò ka pentobarbital sí irú tiwọn.

Bí eku bá pín títẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ẹ wo bó ṣe yára tó. Bó bá ti fà wọ́lẹ̀ gan-an, oògùn ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ dá a padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ oògùn kan àti ọjọ́ omi iyọ̀ kan kẹ́ ẹ tó tún un dán wò.