Bí ẹ ó ṣe múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn lórí ẹnubodè

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní agbègbè Yábàá bí a ṣe ń jiyàn níwájú adájọ́, mi ò sì tíì rí kókó-ọ̀rọ̀ tó ń tètè gbóná bí èyí tí àwọn olùṣètò ìdíje fẹ́ràn láti máa gbé kalẹ̀: "Ó yẹ kí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa." Òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́ jù, nítorí pé kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìrẹsì fàyàwọ́ yóò ti dé orí àwọn ajínigbé, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti ya bá obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní ojúlé kejì, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn jọ dá. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá fẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ náà kí ó sì yé àwọn tó ń gbọ́.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà méjì sí i kí ó lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ kọ "ènìyàn" sí orí àkọ́kọ́, "ẹrù" sí orí ìkejì, kí ẹ sì kọ "ọ̀daràn" sí orí ìkẹta. Ọ̀rọ̀ ènìyàn tó ń wọlé tó ń jáde wà lọ́wọ́ Ìmígíréṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹrù wà lọ́wọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ti àwọn olè, àwọn tó ń kó ìbọn wọlé àti àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ológun, àti àjọ NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Gbogbo àwíjàre tó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ wá ibi tí ó tọ́ sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí kò bá rí ibì kan wọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ.

Iṣẹ́ yìí lè dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ fi ìtàn tiwa fúnra wa dán an wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ti ẹnubodè nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, kí àwọn tó kó owó sí òkè òkun má baà rí i kó padà wọlé. Ní ọdún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè àwa àti orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin nítorí àwọn adigunjalè àti àwọn tó ń jí ọkọ̀ gbà á kọjá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìrẹsì àti àwọn ẹrù fàyàwọ́ mìíràn ni wọ́n torí rẹ̀ tì í, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé kí Sèmè àti ẹnubodè mẹ́ta mìíràn di ṣíṣí. Ti ọdún 2023 tí a ti ti àwa àti Niger ní tirẹ̀, ìdìtẹ̀gbàjọba ló fà á, kò tilẹ̀ bá ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò sí ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó jẹ́ pé àlejò tí kò níwèé ni a torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ènìyàn, lílé ni wọ́n máa ń lé wọn, ìyẹn sì jẹ́ àríyànjiyàn mìíràn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ sọ èyí fún àwọn adájọ́ ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ ka òfin, ibí yìí sì ni kí ẹ ti farabalẹ̀ jù lọ. Èkó níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní ìlú Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún fọwọ́ sí àdéhùn lórí bí ọmọ orílẹ̀-èdè kan yóò ṣe máa wọ ìkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé àdéhùn náà ní kí olúkúlùkù máa wọlé bó ṣe wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò ń pè ní yẹ́lò káàdì, tó sì gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀ wọlé, lè dúró fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Àdéhùn kan náà tún fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti dá ẹni tí òfin rẹ̀ kò bá gbà padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe fi ojú òfin wo ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Tógò tó gba Sèmè wọlé, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀, kò rú òfin kankan títí 90 ọjọ́ yóò fi pé. Bí ọjọ́ bá wá kọjá tí kò tọrọ àyè, ó ti di ẹni tí kò níwèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú igbó Ìdí-Ìrókò rú òfin láti ọjọ́ kìíní, kódà bí páásípọ́ọ̀tù bá wà lápò rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n mú wá láti ìkọjá ẹnubodè kí ó wá máa fọ abọ́ nílé ẹlòmíràn ní Èkó, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀.

Mo mọ bí àìmọ òfin yìí ṣe ń rí lórí pèpéle. Nínú ìdíje kan, ọmọbìnrin tí mo kọ́ fi ìdánilójú sọ pé gbogbo ọmọ Benin tó wà ní Èkó láìsí físà ni kí wọ́n lé lọ. Ọmọkùnrin tó dúró fún ẹgbẹ́ kejì dìde, ó bi í léèrè pé òfin wo ló ní kí wọ́n gba físà. Ọmọ mi ò rí nǹkan sọ. Ó ń lọ́ etí bébà tó mú dání títí bébà náà fi ya. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí pé èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ tó kọ tí mo sì ní kí ó máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń ní kí àwọn ọmọ sọ òfin náà fún mi láìwo ìwé kí wọ́n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ fi èyí kún un pé Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, kí ẹ má baà fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ọmọ ẹgbẹ́.

Ní ti ìtàn, ẹ mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń lò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù wọn padà wálé jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tiwa náà ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ ṣáájú, Benin kò sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ èrò há sọ́dọ̀ òun, ni àwọn ènìyàn bá dúró sí Sèmè pẹ̀lú àpò wọn fún ọjọ́ púpọ̀. Àpò aláwọ̀ mèremère oníṣẹ́ẹ̀kì tí gbogbo wa ń pè ní "Ghana Must Go" gba orúkọ rẹ̀ nínú wàhálà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ gun pèpéle, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ kò rín: Kumasi ní Gánà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Mi ò ní kí ẹ má gbé e. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi sọ kí ẹ tó gbé e.

Àwíjàre kan wà tí ó máa ń dùn létí àwa Yorùbá, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pín wa ní ọdún 1889 tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ fi bọ́ sí òdìkejì, nítorí náà ẹbí kan ni wá. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń sọ nípa ìbọn àti ìrẹsì. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdíje, ẹ lọ sí Mile 2. Ẹ dúró lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkọ̀ Àgbádárìgì ti ń kérò, kí ẹ gbọ́ bí àwọn agbèrò ṣe ń ké "Sèmè! Sèmè bọ́dà!" Ẹ bi obìnrin oníṣòwò kan léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, ọ̀nà wo ni ọjà rẹ̀ gbà, èló ni ó sì ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìtọrọ àyè, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ lórí pèpéle.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹgbẹ́ tó ní kí wọ́n tì í, ibi tí ẹ ti lágbára ni ẹrù. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì wọlé, láti oṣù Kìíní ọdún 2017 sì ni ti ọkọ̀ ti tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń já ní èbúté Kútọnu pọ̀ ju èyí tí àwọn ará ibẹ̀ lè jẹ tán lọ. Ẹnubodè àwa àti Benin lé ní 700 kìlómítà, ti àwa àti Niger lé ní 1,500. Kò sí bí a ṣe lè fi aṣọ́bodè tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kejì yóò fi dá yín lóhùn: bí a bá ti Sèmè pa, ọ̀nà tó bófin mu nìkan la tì, ọ̀nà igbó ṣì ṣí sílẹ̀. Wọn yóò tún rán yín létí pé oṣù Keje ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà, tí a sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwíjàre wọn tí mo kà sí ọ̀gá ni ti epo bẹntiróòlù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni epo wa ń gba ẹ̀yìn lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Nígbà tí ìjọba kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye kpayo fò sókè kíákíá lọ́hùn-ún, kì í ṣe pé ológun kankan ló lọ dí ọ̀nà. Ìyàtọ̀ iye owó ló ń bí fàyàwọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n tì í gbọ́dọ̀ ti ní èsì èyí lápò, nítorí pé mi ò tíì rí ìdíje tí wọn kò ti bèèrè rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín pẹ̀lú. Ẹni tó ń kó ẹrù gba ẹ̀yìn ni onífàyàwọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé ni aláìníwèé. Ẹ má pe ìkíní ní ìkejì, ẹ má sì lo "àwọn Kútọnu" bí ẹni tó ń lo orúkọ olè.

Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lo àkọ́kọ́ láti pín ọ̀rọ̀ sí ènìyàn, ẹrù àti ọ̀daràn, kí ẹ lo méjì fún ibi tí ẹ ti lágbára jù, ọ̀kan fún ohun tí ẹgbẹ́ kejì yóò sọ, kí ẹ sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ẹnì kan yóò dìde bèèrè pé mélòó ni àwọn aláìníwèé tó wà ní Èkó. Ẹ sọ pé ẹ kò ní iye náà lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó.