Bí £5 Owó Afárá Dartford Ṣe Di £160 Lọ́wọ́ Wa

Ìbínú ló mú mi kọ èyí, ìbínú náà kò sì tíì tán nínú mi. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2024, èmi àti ìdílé mi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa sì jọ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé n'Íbàdàn, tó ń gbé ní Gravesend báyìí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, tí a ti padà sílé, ìyàwó àbúrò mi pè mí lórí WhatsApp, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún yín. Wọ́n ti san £155 nítorí odò tí a rékọjá yẹn."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Kí a tó kúrò ní Luton ni mo ti sọ pé àbúrò mi tó yá ọkọ̀ oníjókòó méje ti ṣe tirẹ̀, pé epo àti owó ọ̀nà di tèmi. Mo sì san owó ọ̀nà náà. £5 ni, mo san án kí àsìkò tó kọjá, rìsíìtì rẹ̀ sì wà nínú fóònù mi títí di òní.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ ní láti mọ bí ó ṣe rí. Dartford ni òpópó M25 tó yí London ká ti ré odò Thames kọjá. Ẹni tó ń lọ sí gúúsù yóò gba orí Afárá Queen Elizabeth Kejì, tí wọ́n ṣí ní 1991, ẹni tó bá sì ń padà sí àríwá yóò gba inú ihò tó wà lábẹ́ odò. Nígbà tiwa, £2.50 ni fún ọkọ̀ kékeré ní ẹ̀ẹ̀kan (ó ti di £3.50 láti oṣù Kẹsàn-án 2025). Kò sí ẹni tó ń na ọwọ́ gba owó lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń gbà á ní Lẹ́kkí nígbà kan. Láti oṣù Kọkànlá 2014 ni wọ́n ti mú ibodè kúrò, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì lọ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí agogo méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù.

Ìgbádùn Gravesend kò gba àlàyé. Ọ̀rẹ́ mi yan ẹja lẹ́yìn ilé, oòrùn kò wọ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lù, a sì kó àwọn ọmọ lọ sétí odò, níbi tí ènìyàn ti ń wo Tilbury ní òdìkejì, èbúté tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí ní 1948. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni orí tábìlì oúnjẹ ní Luton lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó láti san owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Káàdì náírà mi kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí báǹkì mi ti dá lílò rẹ̀ lókè òkun dúró láìsọ fún mi. Àbúrò mi fẹ́ fi káàdì tirẹ̀ san án, mo ní rárá, pé owó mi ni yóò san án. Ìyàwó mi ló wá rántí káàdì dọ́là kan tó ń lò fún ọjà rẹ̀. Ó pe ẹni tó mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni náà ti sùn, a sì dúró fún nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó jí pè wá. Nígbà tí ìkànnì náà wá béèrè nọ́ńbà ọkọ̀, mo mú ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ fún wa, mo fara balẹ̀ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe rí i. Owó wọlé. Mo fi rìsíìtì han gbogbo ilé, orí mi sì wú.

Ọkọ̀ mìíràn ni mo san owó fún. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a lọ gba ọkọ̀, táyà iwájú lápá òsì ti ń rọ̀, òṣìṣẹ́ wọn sì pààrọ̀ ọkọ̀ náà fún wa lójú ẹsẹ̀: ó gba kọ́kọ́rọ́ kan, ó fún wa ní òmíràn, ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ ìwé. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí a gùn gan-an wà lára páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, tí wọ́n fi bírò dúdú kọ, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi ní gbogbo àkókò tí mo ń tẹ fóònù.

Ìwé ìtanràn méjì dé ilé àbúrò mi, £70 lórí ìkọ̀ọ̀kan, tí yóò di £35 bí ó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Ó yára san £35 méjì náà, pẹ̀lú £2.50 méjì tí wọ́n ní a jẹ, ìyẹn £75. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wá yọ £40 lẹ́ẹ̀mejì lórí káàdì rẹ̀, wọ́n ní owó iṣẹ́ ìwé ni, ìwé tó jẹ́ pé kí wọ́n kàn fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ ni! Nígbà náà pọ́n-ùn kan ti lé ní ₦2,000. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Mo kọ ímeèlì sí wọn, wọ́n ní àbúrò mi nìkan ni àwọn lè bá sọ̀rọ̀ nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àdéhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, mo pè é, ó sì kọ ìwé pé mo lè ṣojú òun. Èsì wọn àkọ́kọ́ ni pé awakọ̀ ló yẹ kó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wà. Mo wá fi ìwé àdéhùn tí òṣìṣẹ́ wọn fọwọ́ sí ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò tí mo yà fún àwọn ọmọ ní ọgbà wọn lọ́jọ́ Ẹtì náà, tí nọ́ńbà ọkọ̀ kejì hàn gedegbe lẹ́yìn wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lé wọn kí wọ́n tó dá £80 padà. Mo borí wọn níbẹ̀. £75 kò padà ní tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti san ìtanràn ti pa ẹjọ́ náà dé. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ènìyàn láti ṣàlàyé ara rẹ̀, àbúrò mi kò sì lò ó.

Bí ẹ bá máa yá ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó wọlé jókòó, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé. Bí ìtanràn bá dé tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ti san owó, ẹ kọ ìwé kí ẹ tó san ohunkóhun. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, ọ̀fẹ́ ni ìrékọjá náà. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a wọ inú ihò yẹn, ọ̀rẹ́ mi sì ti ń bẹ̀ wá pé ká mu tíì kan sí i.

Mo fi £75 ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó dá a padà. Mo tún fi ránṣẹ́, mo ní owó bàtà ilé ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ó sì gbà á.