Bí a ṣe ń fi èròjà tín-ín-tín kún omi táǹkì iyùn

Iyùn tí à ń sọ níbí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀dá òkun tó wà láàyè ni, tí a ń sìn nínú táǹkì omi iyọ̀. Áyódíìnì, irin àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, tí a ń pè ní èròjà tín-ín-tín, kéré gan-an nínú omi òkun. Nínú lítà kan, áyódíìnì kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.06 lọ. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni iyùn ń wá: tó bá dín, àwọ̀ rẹ̀ lè ṣá, tó bá lé, ó lè kú.

Wọn iyọ̀ omi ná. 35 ni kó jẹ́, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílógíráàmù omi kan. Tó bá jẹ́ 31.5 lo bá, gbogbo èròjà inú rẹ̀ ló ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, iyọ̀ lo sì máa tún ṣe, kì í ṣe pé kí o lọ ṣí ìgò èròjà. Refractometer, awò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀ omi, ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n iyọ̀ tó ní apá tó ń léfòó kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ apá yẹn, irọ́ ni yóò máa pa fún ọ. Lẹ́yìn náà, wo kálísíọ̀mù, kó wà ní nǹkan bíi mílígíráàmù 420 nínú lítà kan. Magnísíọ̀mù, nǹkan bíi 1,300. dKH, ìyẹn ìwọ̀n agbára omi láti má ṣe di kíkan, láàárín 7 sí 9. Tí àwọn wọ̀nyí bá ṣì ń lọ sókè sódò, èròjà tín-ín-tín kò tíì kàn ọ́.

Tí iyùn inú táǹkì kò bá pọ̀, pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iyọ̀ tuntun ń gbé èròjà wọ̀nyí bọ̀, ọ̀pọ̀ táǹkì kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí iyùn olókùúta bá ti kún inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgò bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, fi omi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe ICP, àyẹ̀wò ẹ̀rọ tó ń ka iye èròjà kọ̀ọ̀kan nínú omi. Tí èsì bá ní bàbà ti pọ̀, má fi ohunkóhun kún un: wá ìdè tàbí ìṣó tó ń dípẹtà sínú omi, yọ ọ́, kí o sì pààrọ̀ omi, torí bàbà ń pa edé àti ìgbín kíákíá.

Ìṣirò ló ń pa táǹkì. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ síbí. Táǹkì tó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 50, yóò gba lítà 250 tó bá ṣófo. Ta ló ń tọ́jú iyùn nínú táǹkì tó ṣófo? Òkúta wà níbẹ̀, iyanrìn wà níbẹ̀, omi kò sì kún dé ẹnu. Lọ́jọ́ tí o bá ń pọn omi sí i, ka garawa tí o dà, kí o fi máákà kọ iye lítà sí ẹ̀yìn táǹkì. Ká ní ó jẹ́ 200.

Èsì ní áyódíìnì jẹ́ 0.02, o sì fẹ́ 0.06. Ohun tó kù jẹ́ 0.04. Fi 200 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mílígíráàmù 8. Tí mílílítà kan ìgò rẹ bá ní mílígíráàmù 1, mílílítà 8 ni gbogbo rẹ̀. Ìgò tí kò bá kọ ohun tó wà nínú mílílítà kan sára, má rà á. Tún wo ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò lò: àwọn mìíràn ń kọ máíkrógíráàmù, níbi tí 0.06 ti ń di 60.

Má ṣe da mílílítà 8 yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan. Mílílítà kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 8, èròjà kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnìkan tí mo mọ̀ gbàgbé bóyá òun ti da tòní, ó tún dà á, ó tún fi ti àná tí kò dà kún un. Nígbà tó máa di àárọ̀, àwọn ìgbín rẹ̀ ti já bọ́ sórí iyanrìn, ikùn wọn sókè, iyùn ti ká ọwọ́ rẹ̀ wọlé pátá. Ohun tí a bá ti dà sómi, a kò lè bù ú kúrò. Pípààrọ̀ omi ló kù. Tí o bá gbàgbé, fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Má san gbèsè àná.

Ìwé àjákọ kékeré àti bírò tí a so mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì dára ju fóònù lọ, torí ọwọ́ rẹ máa ń tutù. Kọ ọ́ kí o tó dà á. Síríńjì mílílítà 1 ló péye. Ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àárọ̀ ni kí o máa dà á, síwájú pọ́ǹpù níbi tí omi ti ń sáré, má dà á lé iyùn lórí.

Tí ó bá pé 0.06, dúró fún ọjọ́ 14, kí o tún ṣe àyẹ̀wò. Tó bá ti já sí 0.046, á jẹ́ pé 0.001 ló ń lọ lójúmọ́. Ó lè jẹ́ èédú inú asẹ́ omi ló ń gbé e, nítorí náà dín èédú kù ná bí o bá ń lò ó púpọ̀. Tó bá jẹ́ iyùn ló ń jẹ ẹ́, 0.001 lọ́nà 200 jẹ́ mílígíráàmù 0.2, ìyẹn mílílítà 0.2 láràárọ̀, títí di àyẹ̀wò mìíràn.