Bí a ṣe ń tú ìtàn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì

Orúkọ páríṣì, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, ni kí o kọ́kọ́ wádìí. Páríṣì kan lè ní abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń to ìwé ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti àgbègbè náà. Láti 1538 ni àṣẹ ti wà pé kí àlùfáà máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀.

Ìwé ìkànìyàn 1851 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o máa ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Ó sọ páríṣì tí wọ́n ti bí kálukú. Ti 1841 kò sọ ọ́, wọ́n sì sábà gé ọjọ́ orí àgbàlagbà kù: ẹni ọdún 39 á di 35.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Kí ó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wo abúlé Eyam ní Derbyshire, níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn ti jà. Oṣù Kẹsàn-án 1665 ni George Viccars kú, télọ̀ tí wọ́n gbà pé àrùn náà kọ́kọ́ pa. Bí o bá wá rí ìsìnkú tí ìwé kọ pé oṣù Kejì 1665 ni, o lè rò pé ó ṣáájú Viccars. Rárá o, oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni! Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: 1665/6, ìyẹn 1665 ní ìkà tiwọn, 1666 ní ìkà tiwa.

Bí ojú ìwé bá ya, bèèrè ẹ̀dà tí páríṣì ń fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù láti 1598. Àlàfo pọ̀ láàárín 1642 sí 1660 nítorí ogun abẹ́lé, nítorí náà má ṣe sọ pé ìdílé kan ti kó lọ kìkì nítorí pé o kò rí orúkọ wọn.

Ó ku ilẹ̀. Òfin ìdámẹ́wàá ti 1836, èyí tó sọ ìdámẹ́wàá irè oko tí wọ́n ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì di owó, mú kí wọ́n ya máàpù ọ̀pọ̀ páríṣì. Mú nọ́ńbà tó wà lórí oko kan, kí o wá a nínú ìwé tó bá máàpù rìn: wàá rí onílẹ̀, ẹni tó ń dáko níbẹ̀, orúkọ oko, àti ìwọ̀n rẹ̀ ní éékà, rood àti perch. Perch 40 ni rood kan, rood 4 sì ni éékà kan. Má fo orúkọ oko. Èyí tí wọ́n pè ní Brick Kiln Field lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, bí koríko tilẹ̀ ti bò ó. Páríṣì tí wọ́n ti fi ilẹ̀ dípò ìdámẹ́wàá ṣáájú 1836 kì í sábà ní máàpù yìí. Ìwé ìpín ilẹ̀ wọn ni kí o bèèrè.