Bí mo ṣe ka ìwé Sáàmù já, láràárọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì pé màá kà á tán láàárín ọdún kan. Orí 1,189 ni gbogbo rẹ̀, orí mẹ́ta lójúmọ́ kò sì tó. Tí mo bá ti dé Léfítíkù ló máa ń sú mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dín in kù: Sáàmù kan láàárọ̀, àdúrà tẹ̀ lé e, ó tán. Sáàmù 119 nìkan ni mo pín. Ẹsẹ 176 ló ní, ní ìsọ̀rí 22, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ, bí iye lẹ́tà àwọn Hébérù ṣe mọ. Mo fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wá di àárọ̀ 171.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ ń kà á. Ọjọ́ kẹta ni àṣírí tú. Sáàmù 3 ni, èyí tí Dáfídì kọ nígbà tó ń sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹsẹ kìíní ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Nígbà tí màá fi gbórí sókè, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Mo ti fi Dáfídì sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, mo ń bá wọn jiyàn owó ẹgbẹ́! Láti ọjọ́ yẹn, pálọ̀ ni fóònù ń sùn. Bí aago bá dún ní 5:30, mo ní láti dìde lọ pa á, bí mo bá sì ti dé ọ̀hún, mo bọ́jú, mo mú Bíbélì oníwèé.

Mo máa ń kà á sókè, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú a máa fo nǹkan, ẹnu kì í lè fò ó. Ẹ wo Sáàmù 136: ẹsẹ 26, gbogbo wọn ló sì parí sí pé àánú rẹ̀ dúró láéláé. Tó bá jẹ́ ojú lásán ni, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mi ò bá kà á. Lẹ́yìn kíkà, mo mú ìlà kan, mo fi ọ̀rọ̀ ara mi kún un, mo sọ ọ́ dàdúrà. Mo wá kọ ìlà náà sínú ìwé kékeré kan.

Mo pa ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ. Mi ò ka méjì pọ̀ láti fi san gbèsè. Ibi tí mo bá dé ni mo ti ń tẹ̀ síwájú. Gbèsè yẹn gan-an ló máa ń lé mi sá tẹ́lẹ̀.

Èyí tó mú mi jù ni Sáàmù 88. Inú mi dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń kà, mo ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ á ti yí padà sí ìyìn bíi ti àwọn yòókù. Kò yí. Inú òkùnkùn ló parí sí. Mo jókòó, mi ò mọ ohun tí màá gbà ládùúrà. Mo pa dà sókè, mo rí ẹsẹ 13: ẹni yìí ní òun á gbàdúrà lówùúrọ̀. Ó ń sunkún, kò rí èsì, ó sì tún ń jí! Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tí mo mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú fún. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti gbúròó ọ̀kan nínú wọn. Mo pè é nírọ̀lẹ́. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ?”

Sáàmù 109, tó kún fún èpè, mo kà á, mo sì panu mọ́. Orúkọ ẹnì kan ló ń yọ sí mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 180, mo dé ìkẹyìn, ẹsẹ mẹ́fà péré, ìlù àti fèrè nínú gbogbo ẹ̀. Mo kà á lóhùn rara. Ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì bi mí pé kí ló dé. Mo ní, “Mo parí ẹ̀ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí Máàkù. Orí 16 ni.