Láptọ́ọ̀pù àti kúlà olómi lásìkò ooru yìí
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ooru o. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ṣùgbọ́n oṣù kẹta l'Ábùjá kì í ṣe oṣù tí èèyàn ń dákẹ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí mọ́. Abẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fa atẹ́gùn. Tí aṣọ bá dí i, ooru ò ríbi gbà jáde, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Pákó pẹlẹbẹ kan ti tó. Eruku ọyẹ́ tó fẹ́ wá láti Sàhárà sì ti kún inú fáànù láptọ́ọ̀pù yín: ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó fẹ́ eruku náà dànù. Tèmi ń kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìgbà tí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀ ló tó gbádùn.

Fún inú ilé, kúlà olómi, ìyẹn fáànù tí a ń bu omi sí, ni mo fara mọ́ ju éésì lọ báyìí. Omi tó ń gbẹ lára páàdì rẹ̀ ló ń gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, iná tó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Àmọ́ ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Tí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ pa, yàrá á kàn máa rin ni. Àwọn èèyàn wa ní Kánò àti Sókótó á gbádùn rẹ̀ jù wá lọ, torí afẹ́fẹ́ tiwọn gbẹ jù. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e pamọ́. Afẹ́fẹ́ tó ti lómi nínú kò ní fi bẹ́ẹ̀ gba omi mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí kúlà náà kọjú sí láptọ́ọ̀pù o, torí atẹ́gùn rẹ̀ lómi nínú.